Níbo gan-an ni owó ti ń jò? Ìdáhùn sí lẹ́tà yín lórí òwò, ìrànlọ́wọ́ àti iṣẹ́ kíkọ́

Ẹ̀yin olóòtú, àkàrà ni mo ń dín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìgbọ̀nà, ó ti di ọdún kẹrin. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ti ń dáná. Oníbàárà ń wá dáadáa, ṣùgbọ́n tí oṣù bá ti ń parí lọ, àfi kí n yá owó kí n tó ra ẹ̀wà. Ọkọ mi ní mo ń náwó ní ìnákúnàá. Ilé ayánilówó kan wá fẹ́ yá mi ní ₦100,000. Ṣé kí n gbà á? — Alákàrà, Ìgbọ̀nà, Òṣogbo

Ìyá wa, ẹ má tíì gbà á. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí owó ti ń jò. Owó tuntun tí a bá bù sínú igbá tó ń jò, ojú ihò tí ti àná gbà lọ náà ni yóò gbà lọ.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ rà àti gbogbo ohun tí ẹ tà sí i fún ọjọ́ mẹ́fà. Bí kíkọ bá ṣòro, ọmọ tó ń lọ sílé ìwé á bá yín kọ ọ́ lálẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi kóńgò ẹ̀wà méjì ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ wá fi iye tí ẹ̀ ń rà á rọ́pò iye tí a kọ. Ká ní ẹ̀wà jẹ́ ₦6,000, òróró lítà 2 jẹ́ ₦6,000, ata àti àlùbọ́sà ₦1,500, owó ẹ̀rọ ₦600, èédú ₦900, bébà àti ọ̀rá ₦300, owó ọkọ̀ ₦700. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦16,000. Bí ẹ bá rí àkàrà 190 dín níbẹ̀, tí ẹ sì ń tà á ní ₦100 ẹyọ kan, ₦19,000 ló yẹ kó wọlé. Èrè ibẹ̀ jẹ́ ₦3,000.

Ẹ wá wo bó ṣe ń lọ. Àwọn ọmọ jẹ 10 kí wọ́n tó lọ sílé ìwé. Ẹ fi 5 ṣe ènì. Àwọn ọlọ́kadà gba 15 láwìn. Àkàrà 30 ti lọ, ₦3,000 sì nìyẹn. Ẹ jí láago márùn-ún, ẹ jókòó sídìí iná títí oòrùn fi là, ẹ ò jèrè kọ́bọ̀. Tí ẹ bá tún mú ₦1,500 nínú agolo ra ìrẹsì alẹ́, owó ẹ̀wà ọ̀la lẹ ná yẹn. Ọkọ yín rí i pé owó ń lọ, kò parọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìnákúnàá. Owó òwò àti owó ilé ló ń gbé inú agolo kan náà.

Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ bá ti tà tán, ₦16,000 ni kí ẹ kọ́kọ́ kà sínú agolo òwò, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Nínú ₦3,000 tó kù, ẹ san owó iṣẹ́ ₦1,500 fún ara yín. Òun ni owó oúnjẹ, àkàrà tí àwọn ọmọ jẹ náà sì gbọ́dọ̀ ti inú rẹ̀ wá. Ẹ dá ₦500 fún alájọ. Ẹ fi ₦1,000 pamọ́ fún ọjọ́ tí agbada bá lu tàbí tí ẹ̀wà bá gbówó lérí, nítorí ẹ̀wà yóò gbówó lérí dandan. Ẹni tó bá jẹ yín ní ₦500 láwìn kò gbọdọ̀ gba òmíràn kó tó san án. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ara rẹ̀.

Àwọn kan á ní alájọ ń jẹ èèyàn. Ẹni tó ń dá ₦500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31 dá ₦15,500. Alájọ á mú owó ọjọ́ kan, ₦500, á sì kó ₦15,000 fún un. Kò sí èlé níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí kò sí nílé, kò sẹ́ni tó lè yá a lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣáà rí i pé alájọ náà ní ibùgbé tí a mọ̀, tó ní onídùúró, tó sì ń fọwọ́ sí káàdì yín lójoojúmọ́.

Òróró tún ń kó owó yín lọ. Àkàrà tó ń mu òróró ní ìdí mẹ́ta: iná kò gbóná tó, ẹlẹ́rọ bu omi púpọ̀ sí ẹ̀wà nígbà tó ń lọ̀ ọ́, tàbí iyọ̀ ti pẹ́ jù nínú rẹ̀. Bí iyọ̀ bá pẹ́ nínú ẹ̀wà lílọ̀, á ṣàn, ohun tí ẹ ti pò tó wú á sì rọ̀ wálẹ̀. Ìwọ̀nba tí ẹ fẹ́ dín lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ bù sọ́tọ̀, kí ẹ pò ó dáadáa, kí ẹ sì fi iyọ̀ sí i.

Bákan náà, ẹni tí kò lówó ló ń ra ọjà ní owó gọbọi jù. Ìgò ìgò là ń ra òróró. Ẹni tó lówó ń ra kẹ́ẹ̀gì lítà 25, lítà kan sì ń wọ́n fún wa ju tirẹ̀ lọ. Bí alákàrà márùn-ún bá da owó pọ̀ ra kẹ́ẹ̀gì kan, lítà 5 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí ẹ rà á náà ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, lójú gbogbo yín. Ibi ìwọ̀n ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti máa ń tú ká.

Ní ti ₦100,000 yẹn, ẹ bi wọ́n léèrè: èló gan-an ni yóò tẹ̀ mí lọ́wọ́, èló ni màá san lápapọ̀? Ká ní wọ́n yọ ₦5,000 fún fọ́ọ̀mù, wọ́n tún dá ₦10,000 dúró pé ìfowópamọ́ yín ni. ₦85,000 ló dé ọwọ́ yín. Bí ẹ bá ń san ₦5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, ẹ ó san ₦120,000. Bí wọ́n tilẹ̀ dá ₦10,000 padà, ₦25,000 ni ẹ fi gba owó náà. Ọ̀sẹ̀ kìíní sì ni ẹ ti ń dá a padà, nítorí náà gbogbo rẹ̀ kò pẹ́ lọ́wọ́ yín rárá. Tí ẹ bá ń tà lọ́jọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ máa yọ ó lé ní ₦830 sọ́tọ̀ lójúmọ́. Bí ìwé ọjọ́ mẹ́fà yẹn bá fi hàn pé ẹ lè yọ ọ́ láìfọwọ́ kan owó oúnjẹ, tí ẹ sì mọ ohun tí owó náà yóò rà tí yóò mú èrè wọlé, ẹ gbà á nígbà náà. Bí owó ẹ̀wà tó ti sọnù lẹ fẹ́ fi dí, ẹ má gbà á.

Ẹgbẹ́ wa ní Òkè-Báálẹ̀ kó ₦600,000 jọ láti ran ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, a pín ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́jọ. Méjì péré ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti ta àwọn yòókù. Àwọn kan nínú wa ní ká kúkú pín owó náà ní ₦20,000 fún ọgbọ̀n èèyàn. Kí lẹ rí sí i? — Akọ̀wé ẹgbẹ́

Ẹ lọ bá àwọn mẹ́fà tó ta ẹ̀rọ wọn. Kì í ṣe láti bá wọn jà, ẹ lọ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ ó rí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, tó mọ aṣọ rán ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ ọ́n gé. Ẹ ó rí ẹni tí kò ní áyọ́ọ̀nù, tí kò ní tábìlì ìgéṣọ, tó gbé ẹ̀rọ sí yàrá tí oníbàárà kò lè rí. Ẹ ó rí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ yín nìkan ni ohun tó ṣeé tà nínú ilé. Ẹ̀rọ nìkan kì í ṣe iṣẹ́.

₦20,000 fún ọgbọ̀n èèyàn á san gbèsè oúnjẹ. Ó dára, bí ebi bá ń pa wọ́n, ẹ ṣe é, kí ẹ sì pè é ní owó oúnjẹ. Ẹ má retí òwò níbẹ̀.

Ohun tí a máa ṣe tó bá jẹ́ tiwa ni pé ká mú èèyàn méjì péré, ₦270,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ₦60,000 tó kù wà nílẹ̀ fún àìsàn tàbí àtúnṣe ẹ̀rọ. A mọ̀ pé méjì yóò kéré lójú àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Àmọ́ èèyàn méjì tó dúró dáadáa sàn ju mẹ́jọ tó ṣubú lọ.

Ẹ má mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá aránṣọ, kí ẹ wá ọmọ iṣẹ́ tó ti lo ọdún kan ó kéré tán, tí kì í pa iṣẹ́ jẹ, tó jẹ́ pé owó ló dá a dúró. Ọmọ olóyè ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Owó náà, ẹ má kó o lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. ₦60,000 àkọ́kọ́, ọ̀gá ni kí ẹ san án fún: ìyókù owó ẹ̀kọ́ àti owó fríídọ̀mù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ti mọṣẹ́ tán tó tún ń lo ọdún kan gbáko lọ́dọ̀ ọ̀gá nítorí owó ayẹyẹ yìí. ₦150,000 wà fún irinṣẹ́, ọlọ́jà ni kí ẹ san án fún: ẹ̀rọ àlòkù tí ọ̀gá náà ti yẹ̀ wò, sísọ́ọ̀sì tó mú, áyọ́ọ̀nù, téèpù, abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 àti 16, bẹ́líìtì ẹ̀rọ méjì, nítorí bẹ́líìtì ni yóò kọ́kọ́ já. ₦60,000 ìkẹyìn wà fún owó ṣọ́ọ̀bù, kó pín in gbé pẹ̀lú ẹlòmíràn. Lẹ́yìn tó bá ti fi ìwé iṣẹ́ oṣù méjì hàn yín ni kí ẹ tó san ìyẹn.

Ojúṣe ọmọ iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹrin, kó máa dá ₦5,000 padà lóṣù láìsí èlé, títí yóò fi pé ìdajì, ₦135,000. Oṣù 27 nìyẹn. Ìdajì tẹni méjì jẹ́ ₦270,000, owó ẹni kẹta sì pé. Kí ó mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé ẹlòmíràn wà lórí ìlà.

Bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ bá wà ládùúgbò, ẹ má fò ó. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí a ń fi ọwọ́ yí wà. Ohun tí yóò dí i lọ́wọ́ ni àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, bíríkìlà sì lè fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ tún ìyẹn ṣe.

Àánú yín ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ kò ní tòṣì. Ọdún 1957 ni mo bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ, kò sẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́. — Bàbá kan, Òkè-Fíà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. A gbà pẹ̀lú yín pé ẹni tó ń kó owó òwò rẹ̀ lọ sí ilé tẹ́tẹ́, kò sí ẹgbẹ́ tó lè bá a tọ́jú rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ẹsẹ̀ yín lẹ fi rìn dé ibẹ̀, ìyẹn dájú, ṣùgbọ́n owó orí àwọn àgbẹ̀ wà lára ohun tó ṣí ilẹ̀kùn tí ẹ bá.

Òṣogbo yìí náà ti rí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀, eléré orí ìtàgé, ṣí Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó iṣẹ́ ọnà àti eré. Nígbà tó yá, Georgina Beier, ayàwòrán, pe àwọn ọ̀dọ́ jọ síbẹ̀, ó fún wọn ní ọ̀dà, bébà àti àyè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kàwé púpọ̀. Jímọ̀ Bùráímọ̀ wà lára wọn, ẹni tó ń mójú tó iná orí ìtàgé fún Ládiípọ̀. Àwòrán tí ó fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe gbé orúkọ rẹ̀ dé ilẹ̀ òkèèrè. Kò sẹ́ni tó bá a to ìlẹ̀kẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ká ní kò sí àyè, ibi iná ni ì bá wà. Ní 1983, Níkẹ̀ẹ́ Òkúndayé náà ṣí ibùdó iṣẹ́ ọnà ní Òṣogbo, ó ń kọ́ àwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá, bí ẹ bá ní ìyẹ̀wù kan tó ṣófo níwájú ilé, ẹ gba ọmọ iṣẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fríídọ̀mù láyè fún oṣù mẹ́fà láìgbowó. Kó máa gbá àyíká, kó sì máa san owó iná rẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 17, fẹ́ kọ́ àdìrẹ. Ọ̀gá ní ọdún kan àbọ̀. Kí ni kí n ṣọ́? — Ìyá kan, Ayétòrò

Ẹ jẹ́ kí àdéhùn wà lórí ìwé, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Kí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí wà níbẹ̀, àti iye owó tí ẹ ó san lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye owó fríídọ̀mù síbẹ̀ nísinsìnyí, kí ó má di pé wọ́n ń fi kún un lẹ́yìn náà. Ẹ kọ ọ́ pé wọn yóò kọ́ ọ ní aró pípò. Àwọn ọ̀gá kan máa ń kọ́ ọmọ ní aṣọ dídì àti àbẹ́là títẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á po aró ní kọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n pò kò tíì mọṣẹ́. Iṣẹ́ ilé ọ̀gá kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Ẹ kọ ìyẹn náà.

Kẹ́míkà ibẹ̀ kì í ṣe ohun eré. Sódà kọ́sítìkì ń jó ara. Inú omi ni a ń dà á sí díẹ̀díẹ̀. A kì í da omi lé e lórí, nítorí ó lè hó kó ta sí èèyàn lójú. A kì í pò ó nínú ìkòkò alumíníọ̀mù, á jẹ ẹ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ike tó nípọn ni kí wọ́n lò, níta gbangba tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn. Bó bá ta sí i lára, omi tó ń ṣàn ni kó fi ṣan ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn bó bá jẹ́ ojú. Bí ọ̀gá bá ní ìbọ̀wọ́ kò sí, ẹ ra méjì fún ọmọ yín kí ó tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.