Ṣé òkè High Seat ní England ṣeé gùn pẹ̀lú gbogbo ẹrẹ̀ rẹ̀?

Ó ṣeé gùn dáadáa, àmọ́ ẹ wọ bàtà tí omi kì í wọ̀. High Seat ga tó mítà 608, láàárín adágún Derwentwater àti Thirlmere ní Lake District. Ẹ gùn ún láti afárá Ashness. Orí òkè gan-an ni àbàtà pọ̀ sí: ibi tó tutù yọ̀yọ̀ tí ewé rẹ̀ ń dán yẹn, omi ló wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá! Orí ṣùkù koríko ni kí ẹ máa tẹ̀. Apá gúúsù, lọ́nà òkè High Tove, ló burú jù. Ìgbà òtútù tí ilẹ̀ bá dì gbagidi ló dára jù lójú tèmi. Tójú ọjọ́ bá mọ́, ẹ ó rí òkè Skiddaw àti Blencathra lápá àríwá, òkè Helvellyn lápá ìlà-oòrùn, kedere.