Tẹlifíṣàn ìlú wa kì í bi wá léèrè ọ̀rọ̀: kí la lè ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Amẹ́ríkà ni mo ń gbé. Nígbà tí ìwọ́de ń lọ ní ìlú wa, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nìkan ni tẹlifíṣàn ìlú ń gbé jáde lálaalẹ́. Ṣé òǹwòran lásán lẹ́nu níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ lẹ́nu níbẹ̀, ilé ẹjọ́ ló sì fìdí ẹ̀tọ́ náà múlẹ̀. Ìjà náà wáyé ní Jackson, ìpínlẹ̀ Mississippi, láyé tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Wọ́n sún mọ́ ìdajì àwọn tó ń gbé níbi tí tẹlifíṣàn WLBT ń dé, síbẹ̀ ekukáká ni wọ́n fi ń gbóhùn ara wọn nínú ìròyìn rẹ̀. Oṣù Karùn-ún 1963 ni Medgar Evers, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, tó rí ìṣẹ́jú 17 gbà láti fèsì fún olórí ìlú. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n yìnbọn pa á.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, Everett Parker, wá kó àwọn olùyọ̀ǹda jọ ní bòókẹ́lẹ́. Wọ́n fi orúkọ wọn pamọ́ nítorí ẹ̀mí wọn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ní oṣù Kẹta 1964 ni wọ́n fi jókòó ti tẹlifíṣàn, tí wọ́n ń kọ ohun tó jáde sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n gbé lọ bá FCC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fún tẹlifíṣàn ní ìwé-àṣẹ. FCC ní òǹwòran kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní 1966 ní wọ́n lẹ́tọ̀ọ́, nígbà tó sì di 1969, ó fagi lé ìwé-àṣẹ WLBT.

Nítorí náà, ẹ wá ìwé kan tí ẹ ó máa kọ ohun tí ẹ bá rí lórí tẹlifíṣàn sí. Mo ti jókòó sórí àga olóòtú ìròyìn rí: lẹ́tà tó ní “ẹ kórìíra wa” kò ṣeé fi ṣiṣẹ́. Ọjọ́, aago, iye ìṣẹ́jú, ẹni tó sọ̀rọ̀: èyí kò ṣeé jiyàn. Olóòtú ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ìkà; ọlọ́pàá ní agbẹnusọ tó ń gbé fóònù lójú ẹsẹ̀, akọ̀ròyìn sì gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ kí ìròyìn ìrọ̀lẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ yan ẹnìkan tí yóò máa gbé fóònù.

Bí wọn ò bá gbọ́, ọdún mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n ń tún ìwé-àṣẹ gbà, ẹ sì lè kọ̀wé takò ó nígbà náà. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi àkójọ ètò tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ tó kan ìlú síta lórí ìkànnì FCC. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yín, kí ẹ wò ó bóyá ìwọ́de yín wà níbẹ̀.