Ọmọ mi ló ń gbá góòlù wọlé jù láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ló dé tí wọn kò mú un wọ ikọ̀ àgbà?

ÌBÉÈRÈ: Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọkùnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 18. Láti kékeré ló ti wà ní akadẹ́mì kíláàbù rẹ̀. Atamátàsé ni, òun ló sì gbá góòlù wọlé jù ní sáà tó kọjá nínú ikọ̀ àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 18 lọ. Wọ́n máa ń pè é kó bá ikọ̀ àgbà ṣe ìgbáradì, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fi í sínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ yá a fún kíláàbù kan ní líìgì ìsàlẹ̀. Ó ní wọ́n fẹ́ fọgbọ́n lé òun ni. Ṣé kó lọ, àbí kó dúró?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Bàbá. Kó lọ, bí kíláàbù tó fẹ́ yá a bá ní ààyè fún un lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ “bí” yẹn ṣe pàtàkì, n ó padà sórí rẹ̀.

Góòlù tó ń gbá láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ àgbà ń wò. Lọ́dọ̀ àwa tí à ń kọ́ àwọn ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́, bí ọmọ bá ṣe àṣìṣe, a ó pè é, a ó fi hàn án, a ó tún fi í sínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn àgbà, bí wọ́n bá pàdánù ní ẹ̀ẹ̀mẹrin léra, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Nígbà tí ẹni ọdún 27 tí wọ́n ti mọ ọwọ́ rẹ̀ bá jókòó síbẹ̀, ta ni yóò fi ọmọ tí wọn kò tíì dán wò síwájú? Kò kórìíra ọmọ yín. Oúnjẹ òun náà ló ń ṣọ́.

Ohun kan tún wà tí òbí kì í kíyè sí. Ọmọ tí wọ́n bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lè fi bí oṣù mọ́kànlá ju èyí tí wọ́n bí ní ìparí rẹ̀ lọ, inú ikọ̀ kan náà ni wọ́n sì jọ wà. Ní ọmọ ọdún 13, ìyẹn tó láti fi eré sísá àti agbára borí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí wọ́n bí níbẹ̀rẹ̀ ọdún fi máa ń pọ̀ jù ní akadẹ́mì, bí àwọn olùwádìí ṣe rí i ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Tó bá di ọmọ ogún ọdún, àwọn yòókù ti bá wọn. Ẹni tí ọmọ yóò wá kojú lẹ́yìn náà ni adènà tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́wàá, tó mọ bí a ṣe ń fi èjìká ti èèyàn díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó balẹ̀, tí réfírí kò sì ní rí i. Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn kò sí ní akadẹ́mì.

Ẹ wo Chelsea. Láti 2014 títí dé 2018, ọdọọdún ni àwọn ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ wọn ń gba FA Youth Cup, ife àwọn ọ̀dọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gba UEFA Youth League, ife àwọn ọ̀dọ́ ní Yúróòpù, ní 2015 àti 2016. Síbẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló rí ẹsẹ̀ fìdí múlẹ̀ nínú ikọ̀ àgbà lásìkò náà, torí owó wà láti ra ẹni tó ti gbó sínú iṣẹ́. Ìyà ló ṣílẹ̀kùn: ní 2019, FIFA ní wọn kò gbọdọ̀ forúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀. Frank Lampard, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀, wá yíjú sí àwọn ọmọ ilé, Mason Mount, Tammy Abraham, Reece James àti Fikayo Tomori. Níbo ni wọ́n wà ní sáà tó ṣáájú? Mount àti Tomori wà ní Derby, Abraham ní Aston Villa, James ní Wigan. Àyálò ni gbogbo wọn, ìpele kejì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ààyè yọ, ara wọn ti le. Ní oṣù karùn-ún 2021, Mount àti James wà nínú àwọn mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀ àṣekágbá Champions League tí Chelsea borí.

Nítorí náà, àyálò kì í ṣe lílé. FIFA pàápàá, nígbà tó fòfin dín iye agbábọ́ọ̀lù tí kíláàbù lè yá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kù ní 2022, yọ àwọn ọ̀dọ́ tí kíláàbù fúnra rẹ̀ tọ́ dàgbà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àyálò kan sàn ju òmíràn lọ. Kíláàbù mẹ́rin ni Tottenham yá Harry Kane, atamátàsé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún. Ní Millwall, ó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa. Ní Norwich, ó fẹsẹ̀ ṣèṣe. Ní Leicester, orí bẹ́ǹṣì ló máa ń bá ara rẹ̀. Sáà 2014/15 ló tó fìdí múlẹ̀ nílé, ó ti pé ọmọ ọdún 21.

Torí náà, ẹ béèrè ta gan-an ló ní kí wọ́n mú ọmọ yín wá. Bó bá jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀ ló wò ó, tó sì béèrè rẹ̀, ìyẹn dára. Bó bá jẹ́ àwọn ará ọ́fíìsì ló parí ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, ẹ ṣọ́ra. Ẹ béèrè iye atamátàsé tó wà nílẹ̀, àti irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù òkè ni, tí tiyín sì fẹ́ kó dé ẹsẹ̀ òun, yóò kàn máa sáré kiri lásán ni. Bí òfin líìgì náà bá gbà á, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kíláàbù rẹ̀ lè pè é padà láàárín sáà bí kò bá ráyè gbá. Kó má sì fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa jù ni ọjọ́ tí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú kíláàbù rẹ̀ máa parí. Bó bá jẹ́ òpin sáà àyálò yìí ni, tí wọn kò sì dárúkọ àfikún, a jẹ́ pé ìfura ọmọ yẹn ní ìdí. Síbẹ̀, n ó ṣì ní kó lọ. Àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún kíláàbù mìíràn máa ń wo líìgì ìsàlẹ̀ yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọn kì í wá wo ẹni tó ń ṣe ìgbáradì.