Ṣé kí ọkọ mi fọwọ́ sí ìwé ogún bàbá rẹ̀?

“Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Faransé ni ọkọ mi, Lyon là ń gbé, ọmọ méjì la bí. Bàbá rẹ̀ kú lóṣù tó kọjá. Ó fi ilé kan sílẹ̀, àti ọkọ̀, àti àwọn mẹ́dà tó gbà nígbà tó ń ṣe sójà. Nótárì, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó ìwé ogún níbí, wá kọ̀wé pé gbèsè pọ̀ nínú patrimoine bàbá. Ọkọ mi ní ogún lásán ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, òun á fọwọ́ sí i. Àyà mi ń já.”

Àbúrò mi, àyà rẹ ò já lásán. Ní kó gbé bírò sílẹ̀ ná.

Bí a bá ti gbọ́ ogún, ilé àti ilẹ̀ ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí bàbá ni patrimoine náà ti jáde, ìyẹn ló ń tan ọkọ rẹ. Lẹ́nu lọ́yà Faransé, àpò kan ṣoṣo ni: ohun téèyàn ní ń bẹ níbẹ̀, ohun tó jẹ ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé àpò náà láìbéèrè, ó gbé ẹran pẹ̀lú eegun. Bí ohun tí bàbá fi sílẹ̀ ò bá ká gbèsè, ohun tí ọkọ rẹ fúnra rẹ̀ ní ni wọ́n á yíjú sí.

Ó lè kọ ogún náà. Àmọ́ tó bá kọ̀ ọ́, ìpín rẹ̀ á yí sọ́dọ̀ àwọn ọmọ yín, àwọn náà á tún ní láti kọ̀ ọ́. (Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀.) Ó tún lè gbà á lọ́nà tí gbèsè ò fi ní kọjá ohun tí bàbá ní, wọ́n á kọ́kọ́ ka gbogbo ẹrù bàbá sílẹ̀. Èmi, èyí ni mo fara mọ́. Kò sì sẹ́ni tó lè fipá mú un yàn kí oṣù 4 tó pé lẹ́yìn ikú bàbá.

Ti mẹ́dà yàtọ̀. Ilé ẹjọ́ ibẹ̀ kì í ka irú ohun ìrántí ìdílé bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹrù tí wọ́n ń pín; wọ́n lè fi sọ́wọ́ ẹnì kan nínú ẹbí kó máa tọ́jú rẹ̀. Patrimoine kan náà ni wọ́n kúkú ń pe àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n ti ń ṣí fún aráàlú lóṣù September láti 1984. Àwọn yẹn, ẹnikẹ́ni ò ní sìn ọ́ ní gbèsè wọn.

Kí ọkọ rẹ ní kí nótárì kọ orúkọ gbogbo ẹni tí bàbá jẹ ní gbèsè sílẹ̀, àti iye rẹ̀. Ní ti ọkọ̀ bàbá, bó bá lọ tà á, òfin lè sọ pé ó ti gba ogún nìyẹn, bí ò tiẹ̀ fọwọ́ síwèé kankan. Gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ lónìí.