Ìrìn Àjò Afẹ́ Lórí Òkun: Ṣé Ó Tọ́, Báwo Ni A Ó Sì Ṣe Máa Kírun Nínú Ọkọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Àfáà wa, àsàlámù aléékúmù. Ìgbéyàwó èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi pé ogójì ọdún lọ́dún yìí, àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì fẹ́ fi ìrìn àjò kan yẹ́ wa sí. A ó kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wọn, lẹ́yìn náà a ó lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá kan ní Barcelona nínú oṣù keje. Ọkọ̀ náà yóò gbé wa dé Marseille, Monte Carlo, Genoa, Naples, Palermo àti Valletta, kí ó tó dá wa padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n ti san díẹ̀ nínú owó rẹ̀. Mo gbọ́ pé ọtí, ijó àti tẹ́tẹ́ wà nínú rẹ̀. Ṣé ó tọ́ kí á lọ? Báwo ni a ó ṣe máa kírun lójú agbami? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kó gbogbo ìrun jọ títí n ó fi sọ̀kalẹ̀. Ohun mìíràn tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé èmi ti lọ sí Hájì, ìyàwó mi kò tíì lọ.

ÌDÁHÙN: Wa aléékúmù sàlámù, Alhaji. Ẹ kú oríire ogójì ọdún. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ẹ jọ dọ́jọ́ alẹ́, kí Ó sì fi ọmọ tí yóò yẹ́ àwọn ọmọ náà sí ta wọ́n lọ́rẹ.

Ìrìn àjò orí omi kì í ṣe hàráàmù. Ọlọ́hun kà á mọ́ ìkẹ́ tí Ó ṣe fún wa nínú Sùúrà Yúnúsà, àyà 22, pé Òun ni Ó ń mú wa rìn lórí ilẹ̀ àti lójú òkun. Kí tọkọtaya jọ gbafẹ́, kí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́hun ní ilẹ̀ ibòmíràn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ti ọtí inú ọkọ̀, ilé ọtí wà ní ìgboro tiwa náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la sì ń gbà lọ sí mọ́sáláṣí. Ibi tí ẹ bá jókòó sí ni wọn yóò bi yín.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ló bà mí lẹ́rù jù, òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Nínú Sùúrà Nísáì, àyà 103, Ọlọ́hun sọ pé ọ̀ranyàn tó ní àkókò ni ìrun jẹ́ fún onígbàgbọ́. Àyà tó ṣáájú rẹ̀ gan-an ń ṣàlàyé bí àwọn ọmọ ogun yóò ṣe pín ara wọn sí ọ̀nà méjì, kí apá kan kírun, kí apá kejì máa ṣọ́ ọ̀tá. Bí ẹni tí wọ́n ń yọ idà sí kò bá rí àwáwí, kí ni ti ẹni tó wà nínú yàrá tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí, tí omi gbígbóná ń jáde nínú ẹ̀rọ?

Ìrọ̀rùn tó wà fún arìnrìn-àjò ni gígé ìrun kúrú, àyà 101 Sùúrà yẹn kan náà ló mú un wá. Àílà, Aláásárì àti Ìṣáì yóò di rákáà méjì méjì. Màǹgàrìbì kò kúrò ní mẹ́ta, Àsùbáà kò kúrò ní méjì. Ní ọ̀nà Ìmáàmù Máálíkì tí ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá ń tọ̀, ẹni tó bá gbèrò láti gbé ojú kan fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko yóò máa kírun pé. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ó lò ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kí i pé. Láti ìgbà tí ẹ bá ti jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Barcelona, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí gé e. Ọkọ̀ náà kò ní dúró ní èbúté kan tó ọjọ́ mẹ́rin, ẹ ó máa gé e títí ẹ ó fi padà.

Pípa ìrun méjì pọ̀ yàtọ̀ sí gígé e, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Ohun tó gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ Máálíkì ni pé orí ilẹ̀ ni àyè pípa ìrun pọ̀ nítorí ìrìn àjò wà, kò sí lójú omi. Ohun tí wọ́n rò ni pé ẹni tó wà lórí ilẹ̀ ní láti dúró, kí ó sọ̀kalẹ̀ lórí ẹran tó ń gùn, kí ó tó lè kírun. Ọkọ̀ ojú omi ń lọ ní tirẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn onímọ̀ Ṣáfíì àti Hàńbálì gbà kí arìnrìn-àjò pa wọ́n pọ̀ lójú omi náà, n kò sì ní bá ẹni tó bá tẹ̀ lé wọn jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, lọ́jọ́ tí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, ẹ kí ìrun kọ̀ọ̀kan lásìkò rẹ̀, rákáà méjì kì í pẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ rìn kiri ìlú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ pa Àílà àti Aláásárì pọ̀.

Ẹ má fi aago Ìbàdàn díwọ̀n o. Nínú oṣù keje, aago mẹ́sàn-án alẹ́ máa ń kọjá ní Barcelona kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn yóò ti gbé oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀, tí Màǹgàrìbì kò tíì wọlé. Ìṣáì yóò pẹ́, Àsùbáà yóò sì yá. Ẹ sùn díẹ̀ lọ́sàn-án.

Ní ti Gábàsì, àwa tí a wà nílé ń kọjú sí ìlà-oòrùn tó yà díẹ̀ sí àríwá. Ní gbogbo èbúté tí ẹ kà wọ̀nyẹn, ìlà-oòrùn tó yà sí gúúsù ni Mẹ́kà wà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kọ́ńpáàsì inú fóònù nínú yàrá ọkọ̀, irin tó yí yín ká lè ṣì í lọ́nà. Ẹ jáde síta kí ẹ wo oòrùn, tàbí kí ẹ wo tẹlifíṣọ̀n inú yàrá, ó sábà máa ń fi ọkọ̀ náà hàn lórí máàpù, pẹ̀lú apá ibi tó kọjú sí. Bí ọkọ̀ bá yí nígbà tí ẹ wà lórí ìrun, tí ẹ sì mọ̀ ọ́n, ẹ yí padà sí Gábàsì bó bá ṣeé ṣe. Bí ẹ kò bá mọ̀, ìrun yín pé.

Wọ́n bi Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) nípa ìrun inú ọkọ̀ ojú omi, ó ní kí ènìyàn kí i ní ìdúró, àfi bó bá ń bẹ̀rù kí ó má rì sómi. Àwọn onímọ̀ fi òòyì mọ́ ọn. Ẹ ya ẹsẹ̀ díẹ̀, kí ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ìgbì bá ń gbé ilẹ̀ sókè sódò tí ojú ìyá ń pòòyì, kí wọ́n jókòó kí i.

Ti oúnjẹ kò le. Ẹja inú òkun tọ́ sí wa láì dúńbú. Arìnrìn-àjò orí omi bíi tiyín náà ni Ànábì dá lóhùn nígbà tó sọ pé omi òkun mọ́, òkú inú rẹ̀ sì tọ́ láti jẹ. Ẹ ṣáà bèèrè bóyá wọ́n fi wáìnì sí ọbẹ̀ rẹ̀. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yọ owó ọtí kúrò nínú ohun tí wọ́n san, kí wọ́n sì gba tábìlì ẹni méjì fún yín, nítorí Ànábì sọ pé ẹni tó bá gba Ọlọ́hun àti ọjọ́ ìkẹyìn gbọ́ kò gbọdọ̀ jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń mu ọtí. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí gbogbo èèyàn múra, agbádá yín àti ìró òun bùbá pẹ̀lú ìborùn ìyá ti tó ìmúra.

Ní Monte Carlo, wọn yóò fẹ́ mú yín wọ ilé tẹ́tẹ́ tí wọ́n ṣí ní 1863, pé kí ẹ kàn wo ọ̀ṣọ́ ara ògiri rẹ̀. Ẹ má wọ̀ ọ́. Òfin ilẹ̀ Monaco fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí ọmọ onílùú ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀, àlejò ni wọ́n kọ́ ọ dè. Ẹ lọ wo òkun láti orí òkè ìlú náà, ó lẹ́wà púpọ̀.

Genoa ni mo fẹ́ kí ẹ ti rántí Ibn Jubayr, arìnrìn-àjò Mùsùlùmí ayé àtijọ́ tí wọ́n bí ní Valencia, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Granada. Àwọn tó sọ ìtàn rẹ̀ ní gómìnà tó ń bá ṣiṣẹ́ fi ipá fún un ní ife ọtí méje mu. Nígbà tí gómìnà kábàámọ̀, ó bu ife owó wúrà méje fún un, Ibn Jubayr sì fi owó náà lọ sí Hájì. Ọkọ̀ àwọn ará Genoa ni ó wọ̀ ní 1183. Nígbà tó ń bọ̀, òun àti àwọn Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀, àwọn Mùsùlùmí sì wá àyè tiwọn lọ́tọ̀. Ọkọ̀ náà fọ́ ní Messina, ní erékùṣù Sicily, ní ìparí 1184. Ọba William Kejì tó ń jọba ní Sicily, Kìrìsìtẹ́nì, ló san owó fún àwọn tálákà Mùsùlùmí inú rẹ̀ kí wọ́n lè rí ọ̀nà gúnlẹ̀.

Ó dé Palermo lẹ́yìn náà. Àwọn Mùsùlùmí ti gba ìlú yẹn ní 831, ó sì wà lọ́wọ́ wọn títí di 1072. Nígbà tí Ibn Jubayr débẹ̀, lábẹ́ ọba Kìrìsìtẹ́nì, ó ṣì bá mọ́sáláṣí àti ìpè ìrun níbẹ̀, ó sì rí àwọn obìnrin Kìrìsìtẹ́nì tí wọ́n wọ aṣọ, tí wọ́n bojú, tí wọ́n sì lo làálì bíi ti obìnrin Mùsùlùmí lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà ti jẹ́ mọ́sáláṣí rí. Ẹ kò ní láti wọ inú rẹ̀: ní ìloro ẹnu ọ̀nà apá gúúsù, ẹ wo òpó ọwọ́ òsì yín. Lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta rẹ̀, Sùúrà Àráàfù, àyà 54, pé Olúwa yín ni Ọlọ́hun tó dá sánmà àti ilẹ̀. Ẹ dúró kí ẹ kà á fún ìyá. Owó tí àwọn ọmọ san kò ní dùn mí mọ́ bí ẹ bá rí òpó yẹn.

Ní Valletta, etí yín yóò gbọ́ kí wọ́n pe Ọlọ́hun ní "Alla", torí inú èdè Lárúbáwá ni èdè Malta ti ṣẹ̀. Wọ́n ń pe ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ní "Randan". Mọ́sáláṣí wà ní Paola, kò jìnnà sí èbúté. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, kò di dandan fún arìnrìn-àjò, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú.

Ó wá ku Hájì ìyá, Alhaji. Bí wọ́n bá ní owó tara wọn tó tó lọ, Hájì ti di ọ̀ranyàn lọ́rùn wọn, ọkọ̀ afẹ́ kò sì lè sún un síwájú. Bí wọn kò bá ní, ẹ̀bùn ọmọ kò sọ ọ́ di ọ̀ranyàn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé díẹ̀ ni wọ́n tíì san. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ pe ìyá jókòó, kí ẹ bi wọ́n, kí ẹ má fi tiyín kún un: ṣé èbúté méje ni, àbí Kááńbà? Eékún tí yóò yí Kááńbà lẹ́ẹ̀méje, tí yóò sáré láàrin Ṣọ́fà àti Máríwà, kì í le sí i lọ́dọọdún. Lójú tèmi, bí wọ́n bá ní Mẹ́kà, kí àwọn ọmọ gba owó náà padà, kí ẹ mú ìyàwó yín lọ. Bí kò bá ṣeé gbà padà, ẹ lọ wo òkun, kí ẹ ka Bísímílà tí Ànábì Núhù kà bí ẹ bá ti ń wọ ọkọ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó Hájì ìyá lọ́jọ́ tí ẹ bá délé. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.