Èsì: Kí ló dé tí Citroën DS fi ń rọ̀ wálẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní DS yín máa ń rọ̀ wálẹ̀ bí ẹ bá páàkì rẹ̀ mọ́jú. Kò bàjẹ́ o. Mọ́tò tí wọ́n fi han aráyé ní Paris ní 1955 yìí kò ní sípíríǹgì onírin. Bọ́ọ̀lù irin kan ló wà fún táyà kọ̀ọ̀kan: gáàsì náítírójìn ń bẹ lókè, ọ́ìlì ń bẹ nísàlẹ̀, rọ́bà ló là wọ́n láàárín. Ẹ́ńjìnnì ló ń ti ọ́ìlì náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, agbára ọ́ìlì náà á máa dínkù díẹ̀díẹ̀, mọ́tò á sì rọ̀ wálẹ̀. Ẹ ṣíná sí i, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbéra bí ràkúnmí tó ń dìde. Ó máa ń wú mi lórí!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àwọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ dáadáa. Pupa ni ti àwọn tó kọ́kọ́ jáde, àwọ̀ ewé ni ti àwọn tó tẹ̀lé wọn. Bí ẹ bá ṣi ọ̀kan dà sínú èkejì, rọ́bà inú rẹ̀ á bàjẹ́.