Èsì: Ṣé ọwọ́ olùdarí ìrìnnà bàálù ti kúrò níbẹ̀ bí awakọ̀ bàálù bá ní òun ti rí bàálù kejì tó wà nítòsí?

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Olùdarí inú ilé-ìṣọ́ ló máa kọ́kọ́ sọ ibi tí bàálù kejì wà bí ọwọ́ aago (iwájú gan-an ni aago méjìlá), bó ṣe jìnnà tó, gíga rẹ̀ àti irú èyí tó jẹ́. Bí awakọ̀ bá ní òun rí i, tó sì gbà láti máa fi ojú ṣọ́ ọ, àlàfo àárín wọn di ẹrù tirẹ̀, pẹ̀lú ìjì tí ìyẹ́ bàálù ńlá ń fà sẹ́yìn: kó fò ga ju ipa ọ̀nà bàálù ńlá náà lọ, kó sì balẹ̀ kọjá ibi tí táyà bàálù ńlá náà ti kanlẹ̀. Síbẹ̀, olùdarí gbọ́dọ̀ kìlọ̀ bí wọ́n bá ń súnmọ́ra jù.

Ojú ló ń tanni. Ẹ dúró lórí Olúmọ, kí ẹ wá ẹyẹ tó ń fò nísàlẹ̀ lórí àwọn páànù Abẹ́òkúta tó ti dípẹtà. Kò ní pẹ́ bọ́ mọ́ yín lójú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn awakọ̀ PSA 182, bàálù akérò kan, ṣe pàdánù bàálù Cessna kékeré kan ní San Diego ní Amẹ́ríkà ní 1978, tí wọn kò sọ ọ́ ketekete. Bàálù méjèèjì kọlu ara wọn, ènìyàn 144 ló sì kú. “Mi ò rí i mọ́” ni kí awakọ̀ sọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe “mo rò pé ó ti kọjá”.